Àtọ̀gbẹ àti Ìsoríkọ́: Aláìsàn Kì í Ṣe Ọ̀lẹ

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ti owó oṣù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ìdìbò ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ ara àti ọkàn ni. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáadáa, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ owó oṣù náà ni, nítorí pé ẹni tí ara rẹ̀ kò dá, tí ọkàn rẹ̀ sì ti rẹ̀wẹ̀sì, kì í pẹ́ tí kúẹ́rì fi ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Lẹ́yìn kúẹ́rì mẹ́ta, ìwé ìdádúró ni ó kù.

Láti Ìkẹ́nnẹ́ dé Ìlíṣàn, láti Ìpẹru dé Ògèrè àti Ṣágámù, kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ orúkọ àtọ̀gbẹ, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ìtọ̀ súgà. Kò sì sí ẹni tí kò tíì rí ènìyàn tí ó sorí kọ́, tí kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, tí oúnjẹ kò wù ú, tí ayé sú u. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé àwọn méjèèjì yìí sábà máa ń rìn pọ̀. Bí ọ̀kan bá wọlé, ó lè ṣílẹ̀kùn fún èkejì. Ohun tí a sì ń sọ ni pé kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gbà pé àìsàn ni àwọn méjèèjì, kí á jà kí wọ́n tọ́jú wọn pọ̀, kí á má sì gbà kí ẹnikẹ́ni pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ nítorí pé ara rẹ̀ kò dá.

KÍ NI ÀTỌ̀GBẸ?

Oúnjẹ tí a ń jẹ, ìbáà ṣe ẹ̀bà, ìrẹsì tàbí búrẹ́dì, súgà ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń dà nínú ẹ̀jẹ̀. Ara wa ní oje kan tí a ń pè ní ínsúlínì. Òun ni ó ń la ọ̀nà fún súgà láti inú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ara, kí ó lè di agbára tí a fi ń gbé ẹrù, tí a fi ń wa mọ́tò. Bí oje náà kò bá sí mọ́, tàbí bí ó bá wà ṣùgbọ́n tí ara kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́, súgà yóò kún inú ẹ̀jẹ̀ bí omi ṣe ń kún ojú gọ́tà tí ó dí. Ènìyàn yóò máa tọ̀ lemọ́lemọ́, òùngbẹ yóò máa gbẹ ẹ́, yóò máa rù, ojú rẹ̀ yóò máa ṣe bàìbàì. Bí ó bá pẹ́ láìsí ìtọ́jú, ó lè ba ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀ jẹ́, ó sì lè gba agbára ọkùnrin lọ́wọ́ ọkùnrin.

Bí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn wò ní òwúrọ̀ kí ó tó fi nǹkan kan ẹnu, tí ó sì tó 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ẹ̀rọ tí ń ka mg/dl, tí wọ́n tún un yẹ̀ wò ní ọjọ́ mìíràn tí ó tún rí bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ ni. Ní 2018, àwọn dókítà ilẹ̀ wa kó ìwádìí tí wọ́n ti ṣe káàkiri Nàìjíríà jọ, wọ́n sì rí i pé nínú 100 àgbàlagbà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6 tí ó ní i. Ẹ fi ìyẹn wo ilé-iṣẹ́ yín. Níbi tí òṣìṣẹ́ 300 bá ti ń wọlé, ó ṣeé ṣe kí a rí bí 17 nínú wọn tí ó ní i, tí púpọ̀ nínú wọn kò sì tíì mọ̀.

BÍ Ọ̀KAN ṢE Ń PE ÈKEJÌ

Ọ̀rọ̀ pé ọkàn àti àtọ̀gbẹ bá ara wọn tan kì í ṣe tuntun. Ní sẹ́ńtúrì 17, dókítà ará Ìlú Ọba kan tí ń jẹ́ Thomas Willis kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìbànújẹ́ tí ó pẹ́ lára ènìyàn a máa fa àtọ̀gbẹ. Kò sí ẹ̀rọ tí a fi ń wọn súgà inú ẹ̀jẹ̀ láyé ìgbà náà, ojú ni ó fi rí i. Ìwádìí ayé òde òní ti wá fi hàn pé ọ̀nà méjì ni ó ń gbà. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìlọ́po méjì súnmọ́ ìsoríkọ́ ju ẹni tí kò ní i lọ. Bákan náà, ẹni tí ó ní ìsoríkọ́ súnmọ́ àtọ̀gbẹ ju ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010 láti ilé ìwòsàn Yunifásítì Jọ́ọ̀sì rí i pé nínú àwọn alátọ̀gbẹ tí ń wá gba ìtọ́jú níbẹ̀, nǹkan bí 1 nínú 5 ni ó ní ìsoríkọ́.

Báwo ni ó ṣe ń ṣẹlẹ̀? Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀nà àkọ́kọ́. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé ó ní àtọ̀gbẹ ti gba iṣẹ́ kejì tí kò ní ọjọ́ ìsinmi. Yóò máa lo oògùn lójoojúmọ́, yóò máa gún ìka láti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, yóò máa ṣọ́ ẹnu, yóò máa ṣọ́ ẹsẹ̀ kí egbò má bàa dá sí i. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ yóò máa di owó oògùn. Níbi àríyá, wọn yóò gbé ìkọ́kọrẹ́ àti ìrẹsì kọjá lójú rẹ̀, wọn yóò ní, “Ẹ má fún bàbá yẹn o, súgà ń ṣe wọ́n.” Oúnjẹ nìkan kọ́ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn, wọ́n ti mú un kúrò nínú ẹgbẹ́. Dókítà kò sì sọ pé kí ó má jẹ ìkọ́kọrẹ́ láéláé, ó ní kí ó wọn iye tí yóò jẹ ni. Bí àìsàn náà bá wá kan ọ̀rọ̀ lọ́kọláya, ọkùnrin kì í lè sọ ọ́ jáde. Yóò máa gbé e mì títí yóò fi di òkúta nínú rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, súgà tí ó ga jù tàbí tí ó já wálẹ̀ lójijì fúnra rẹ̀ a máa mú kí inú bí ènìyàn, kí ó rẹ ènìyàn, kí ọpọlọ má ṣiṣẹ́ geere.

Ẹ wá wo ọ̀nà kejì. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú fún ìgbà pípẹ́, ara rẹ̀ yóò máa tú oje ìjàyà sínú ẹ̀jẹ̀, bí ìgbà tí ẹranko burúkú ń lé e. Oje náà a máa ti súgà sókè. Kò ní rí oorun sùn. Kò ní lè rìn káàkiri tàbí ṣe eré ìdárayá. Ẹlòmíràn yóò gba ìdí ọtí àti sìgá lọ. Bí ó bá sì ti ní àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀, yóò máa gbàgbé oògùn, tàbí kí ó mọ̀ọ́mọ̀ pa á tì, nítorí pé ẹni tí kò rí ìdí tí ó fi yẹ kí òun wà láyé lọ́la, kò ní rí ìdí tí ó fi yẹ kí òun lo oògùn lónìí. Súgà yóò ga sí i, ọkàn yóò wó sí i. Bí ó ṣe ń yí bírí nìyẹn, bí bẹ́líìtì ẹ̀rọ tí kò sí ẹni tí ó pa á.

Àwa òṣìṣẹ́ tún ní tiwa lọ́tọ̀. Àwọn tí wọ́n ṣe ìwádìí lórí iṣẹ́ ṣíífù rí i pé àwọn tí ń fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ òru súnmọ́ àtọ̀gbẹ ju àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ ọ̀sán lọ, wọ́n sì súnmọ́ ìsoríkọ́ pẹ̀lú. Ara ènìyàn ní aago tirẹ̀. Ẹni tí ó ń jẹ ẹ̀bà ní aago méjì òru, tí ó ń fi ọ̀sán sùn sínú ariwo ọmọ àti ẹ̀rọ ìlọta àwọn ará àdúgbò, aago náà yóò dàrú mọ́ ọn lára. Awakọ̀ tí ó ti Ògèrè gbéra lóru, tí ó jẹ búrẹ́dì àti mínírà ní ojú ọ̀nà, tí ó sì sùn sínú mọ́tò ní ọjọ́ mẹ́ta léraléra, òun náà wà nínú rẹ̀.

BÍ Ó ṢE Ń RÍ NÍ ẸNU IṢẸ́

Ẹ jẹ́ kí á fi òṣìṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọkùnrin tí kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí pẹ́. Ó ń jáde lọ tọ̀ ní ìgbà mẹ́fà nínú ṣíífù kan. Kì í bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàwàdà mọ́. Ìdí ẹ̀rọ ni ó wà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ jìnnà. Ọ̀gá rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń sá fún iṣẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ lẹ́yìn pé ó ti di ọ̀lẹ, tàbí pé ìyàwó rẹ̀ ni ó ń dà á láàmú. Ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè bí súgà rẹ̀ ti rí, kò sì sí ẹni tí ó bi í bí ọkàn rẹ̀ ti rí. Kúẹ́rì kò sì wo àìsàn kan sàn rí.

Ohun kan tún wà tí ó ń mú kí ọ̀rọ̀ náà díjú. Àmì àwọn méjèèjì jọra wọn. Àárẹ̀ wà nínú ọ̀kan, ó wà nínú èkejì. Rírù wà nínú ọ̀kan, ó wà nínú èkejì. Àìróorunsùn ńkọ́? Ẹni tí ń dìde tọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lóru kò lè sùn, ẹni tí ń ronú náà kò lè sùn. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ó ní ìsoríkọ́ kì í sábà sọ pé inú òun bàjẹ́. Yóò ní orí òun ń gbóná, tàbí pé nǹkan kan ń rìn òun lára. Alátọ̀gbẹ tí iṣan rẹ̀ ti ń bàjẹ́ náà yóò ní àtẹ́lẹsẹ̀ òun ń gbóná, pé bí ẹni pé èèrà ń rìn òun lẹ́sẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ní kí wọ́n yẹ méjèèjì wò. Bí nọ́ọ̀sì bá wo ẹ̀jẹ̀ nìkan, ó wo ìdajì ènìyàn.

Ti awakọ̀ lágbára ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí pé ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ń gún ínsúlínì, tàbí tí ń lo irú oògùn oníhóró kan, tí kò sì jẹun lásìkò, súgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀. Òógùn yóò bò ó, ara rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, ojú rẹ̀ yóò ṣókùnkùn. Ohun tí ó yẹ kí ó ṣe ni pé kí ó yà sí ẹ̀bá ọ̀nà kíákíá, kí ó lá súgà tàbí mu mínírà dídùn, kí ó sinmi, kí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ó tó tún wakọ̀. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bá mọ̀ pé ọjọ́ tí òun bá jẹ́wọ́ àìsàn òun ni wọn yóò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ òun láìfún òun ní nǹkan mìíràn ṣe, yóò pa ẹnu mọ́. Ẹnu tí ó pa mọ́ yẹn ni ó léwu fún gbogbo wa, kì í ṣe àìsàn náà nìkan.

ÀRÒ KÌ Í ṢE ÈÉBÚ

Kí ló dé tí àwọn ènìyàn wa ń fi ọ̀rọ̀ ọkàn pamọ́? Ìtìjú ni. Ní Ìpínlẹ̀ Ògùn níbí, bí ẹnìkan bá sọ pé òun fẹ́ lọ rí dókítà ọpọlọ, wọn yóò ní, “Ó ti di ti Àrò.” Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ibi ìwòsàn ṣe di èébú lẹ́nu wa. Ẹ jẹ́ kí á rántí ohun tí Àrò jẹ́. Ní 1954, Dókítà Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtọ́jú níbẹ̀. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó fi wọ́n sí ọ̀dọ̀ àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká, ẹbí kọ̀ọ̀kan sì wà pẹ̀lú aláìsàn tirẹ̀. Wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n ń bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́ oko, wọ́n ń jẹun pọ̀, wọ́n ń ṣeré pọ̀. Gbogbo ayé wá wò ó, wọ́n sì kọ́ ọgbọ́n níbẹ̀. Nígbà tí ó yá, Lambo di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé láti 1973 títí di 1988.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ fún wa ni pé àárín ènìyàn ni aláìsàn ti ń rí ìwòsàn. Ibi iṣẹ́ náà, àárín ènìyàn ni. Bí àwọn ará abúlé tí kò kàwé bá lè gba aláìsàn mọ́ra ní 1954, kí ni yóò ṣòro fún àwa tí a jọ ń jẹun ní kántíìnì kan náà?

Òfin pàápàá ti yí padà. Láti 1916 ni òfin tí ó pe aláìsàn ọpọlọ ní wèrè ti wà nílẹ̀ wa, wọ́n tún un kọ ní 1958, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di oṣù kìn-ín-ní 2023, nígbà tí Ààrẹ Buhari fi ọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun. Òfin tuntun yìí gbà pé aláìsàn ọpọlọ ní ẹ̀tọ́ bí ènìyàn. Ṣùgbọ́n òfin tí ó wà nínú ìwé kì í rìn wọ ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ́ ni ó ń gbé e wọlé.

ÀWỌN TÍ WỌ́N Ń TAKO WA

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ yóò sọ pé, “Ẹ fi owó kún owó wa, ìsoríkọ́ yóò lọ.” Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àìríná àìrílò a máa ba ọkàn jẹ́, àwa náà kò sì ní dẹ́kun àtijà fún owó. Ṣùgbọ́n àwọn olówó náà ń ní àtọ̀gbẹ, wọ́n sì ń sorí kọ́. Ẹni tí àìsàn yìí ti dì mú, bí ẹ fi owó kún owó rẹ̀ lónìí, ó lè má ní agbára láti dìde ná an.

Àwọn mìíràn yóò ní àdúrà ni ó kù. Kí wọ́n gbàdúrà, ó dára. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí jẹ́ ibi tí ènìyàn ti ń rí àwọn tí yóò gbọ́ tirẹ̀, ìyẹn fúnra rẹ̀ sì ń ran ọkàn lọ́wọ́. Ohun tí a kò fara mọ́ ni kí ẹnikẹ́ni ní kí aláìsàn da ínsúlínì nù kí ó fi hàn pé òun ní ìgbàgbọ́. Àgbo tí wọ́n ń tà ní gáréèjì náà, tí a kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kò lè dípò oògùn.

Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ yóò sì sọ pé owó ni a fẹ́ ná wọn. Ìdáhùn wa ni pé wọ́n ti ń ná an báyìí. Wọ́n ń ná an lórí ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ kò wá, lórí ẹ̀rọ tí ó jẹ ìka ẹni tí oorun ń kùn, lórí mọ́tò tí ó já sí kòtò, àti lórí kíkọ́ ẹni tuntun ní iṣẹ́ tí ẹni àtijọ́ ti fi 15 ọdún mọ̀.

OWÓ OÒGÙN

Ní 1921, Frederick Banting àti Charles Best bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ínsúlínì ní ìlú Toronto, ní Kánádà. Ní oṣù kìn-ín-ní 1922 ni wọ́n kọ́kọ́ gún un fún ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 kan tí àtọ̀gbẹ fẹ́ pa, ọmọ náà sì gbádùn. Àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà ta ẹ̀tọ́ wọn fún Yunifásítì Toronto ní dọ́là 1 péré ẹnìkọ̀ọ̀kan, nítorí wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi oògùn ìyè di olówó òjijì. Lónìí, ẹ lọ béèrè iye tí ìgò ínsúlínì kan jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ní Ṣágámù, kí ẹ wá fi wé owó oṣù yín. Ní 2023 tí naira já wálẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ oògùn GlaxoSmithKline sì kéde ní oṣù kẹjọ pé òun ń palẹ̀ mọ́ kúrò ní Nàìjíríà, owó oògùn fò kọjá orí òṣìṣẹ́. Ẹni tí ń pín oògùn oṣù kan sí oṣù méjì kì í ṣe aláìgbọràn. Ìṣirò ni ó ń ṣe, ìṣirò náà ni ó sì ń gba oorun lójú rẹ̀.

Ìlú Ìkẹ́nnẹ́ kò yẹ kí ó dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ìlú yìí, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, kí ó tó di Prẹ́míà, ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò Nàìjíríà. Nígbà tí ó sì dá ẹgbẹ́ UPN sílẹ̀, ìlera ọ̀fẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú ètò mẹ́rin tí wọ́n gbé lọ sí ìbò 1979. Ẹni tí ó mọ ìyà onímọ́tò ni ó rí i pé ọ̀rọ̀ ìlera kò ṣeé fi sílẹ̀ fún àpò ẹnìkọ̀ọ̀kan.

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ

Èkínní, kí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan forúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ sílẹ̀ nínú ètò adójútòfò ìlera. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2022 ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Kí ẹgbẹ́ rí i pé oògùn àtọ̀gbẹ àti ìtọ́jú ọkàn wà nínú ohun tí wọ́n ń san owó fún.

Èkejì, kí wọ́n máa yẹ súgà òṣìṣẹ́ wò lọ́dọọdún, kí wọ́n sì máa béèrè nípa ọkàn rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ni ọjọ́ ìlera ọpọlọ lágbàáyé. Ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá, ọjọ́ ìbí Banting, ni ọjọ́ àtọ̀gbẹ lágbàáyé. Láàárín ọjọ́ méjèèjì yìí, kí ẹ̀ka wa máa pe àwọn nọ́ọ̀sì wá sí ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ àti sí gáréèjì.

Ẹ̀kẹta, kí àkókò oúnjẹ wà fún gbogbo ènìyàn. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, tí ó ti wà láti 1974, sọ pé ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ tó wákàtí 6 lóòjọ́ gbọ́dọ̀ rí ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí 1. Ẹ̀tọ́ ni, ọ̀gá kan kò fi ṣe wá lóore. Kí ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ sì lè jáde lọ tọ̀, kí ó lè yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, láìsí pé ẹnìkan ń ka ìgbà fún un.

Ẹ̀kẹrin, òfin kan náà fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ tí ó tó 12 lọ́dún tí yóò fi gba owó rẹ̀ bí ara rẹ̀ kò bá yá, bí dókítà bá ti kọ ìwé sí i. Ìwé dókítà ọpọlọ, ìwé dókítà ni. Kí ọ̀gá kankan má sọ pé òun kò gbà á.

Ẹ̀karùn-ún, awakọ̀ tí ó bá jẹ́wọ́ àìsàn rẹ̀, tí dókítà sì ní kí ó fi ìdí mọ́tò sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n fún un ní iṣẹ́ mìíràn, kí owó rẹ̀ má sì dín. Bí súgà rẹ̀ bá ti wà ní déédéé tí dókítà sì gbà, kí ó padà sí ìdí mọ́tò rẹ̀. Bákan náà, kí wọ́n gbé alátọ̀gbẹ tí dókítà rẹ̀ bá bẹ̀bẹ̀ fún kúrò ní ṣíífù òru.

OHUN TÍ Ó WÀ LỌ́WỌ́ WA

Kí á tó gba nǹkan lọ́wọ́ ọ̀gá, ohun kan wà tí a lè fún ara wa. Ìbéèrè méjì wà tí àwọn dókítà fi ń bẹ̀rẹ̀. Kò ju agbára ẹnikẹ́ni nínú wa lọ láti bi ẹlẹgbẹ́ rẹ̀: “Láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ṣé inú rẹ ń bàjẹ́, tàbí ayé ń sú ọ? Ṣé àwọn ohun tí o máa ń fẹ́ràn láti ṣe kò wù ọ́ mọ́?” Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, tí ó sì jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni, kí á má dá a lẹ́jọ́, kí á má sì sọ pé kí ó ṣe bí ọkùnrin. Kí á bá a dé ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn ńlá wà nítòsí wa ní Ṣágámù àti ní Ìlíṣàn, Àrò náà kò sì jìnnà. Ìtọ́jú wà fún un. Ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú ẹni tí ó kọ́ ọ ní iṣẹ́ wà, oògùn wà, rírìn lójoojúmọ́ náà ń ran súgà àti ọkàn lọ́wọ́ pọ̀. Bí wọ́n bá tọ́jú ìsoríkọ́ alátọ̀gbẹ, yóò rọrùn fún un láti tọ́jú àtọ̀gbẹ náà.

Bí ẹnìkan bá sọ fún wa pé ikú yá òun ju ìyè lọ, kí á má fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Kí á má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kí á sì mú un lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀yin obìnrin inú wa, ẹ̀yin ni ẹ máa ń gbé ti àwọn ẹlòmíràn, tí kì í sí ẹni tí ń bi yín léèrè. Ìyá tí ó ti ilé-iṣẹ́ dé tí ó tún wọ ilé ìdáná, bí àtọ̀gbẹ bá ń ṣe é, tí ó ń sunkún ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹ̀yin ẹgbẹ́ rẹ̀ má jẹ́ kí ó dá sun ún.

Ẹ̀yin aṣojú ẹgbẹ́ ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, nígbàkúùgbà tí kúẹ́rì bá dé bá ọmọ ẹgbẹ́ tí ìwà rẹ̀ ṣàdédé yí padà, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé, “Ṣé ara rẹ yá? Ṣé ọkàn rẹ balẹ̀?” kí ẹ tó béèrè pé, “Kí ni o ṣe?” A máa gbé àwọn ohun márààrún tí a béèrè yìí síwájú ìpàdé ẹ̀ka wa. Ẹ wá, ẹ wá dìbò, ẹ má rán ẹnikẹ́ni. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.